Ìtàn Ọkọ̀ Onígíláàsì àti Bí A Ti Ń Mú Ara Rẹ̀ Dán Padà

Bí ènìyàn bá gbé awo omi kan sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ó sì tẹrí ba wò ó, yóò rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ọmọ ìka kan bọ̀ ọ́, ojú náà yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sì ní rí ohunkóhun mọ́. Omi náà kò dọ̀tí, bẹ́ẹ̀ ni kò dín kù. Ohun kan ṣoṣo tí ó yí padà ni pé òkè rẹ̀ kò tẹ́jú mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun gbogbo tí ń dán rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kan ojú ohun tí ó tẹ́jú a máa padà lọ́nà kan náà. Èyí tí ó bá kan ojú ohun tí ó rí págunpàgun a máa fọ́n ká kiri. Àwọn ìyá wa aláró mọ èyí kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n bá rẹ aṣọ tán, tí ó sì gbẹ, wọn a máa tẹ́ ẹ sórí igi, wọn a sì máa fi òòlù igi lù ú títí yóò fi máa dán gbinrin. Òòlù náà kò fi dídán sínú aṣọ; ó tẹ òwú rẹ̀ pẹrẹsẹ ni.

A mú ọ̀rọ̀ yìí ṣíwájú nítorí ìtàn irú ọkọ̀ ojú omi kan tí a kò fi igi kàn, tí a kò sì fi irin rọ. Òwú gíláàsì àti oje ni a fi ṣe é. Fàíbàgíláàsì ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Àwa yóò máa pè é ní ọkọ̀ onígíláàsì. Nígbà tí ó bá wà ní titun, a máa dán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó dúró tì í lè fi ìhà rẹ̀ ṣe dígí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú oòrùn, a máa ṣá, a sì máa tu ohun funfun bí ẹfun sí ọwọ́ ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn án. A fẹ́ sọ bí irú ọkọ̀ yìí ti dé ayé, ìdí tí ara rẹ̀ fi ń ṣá, àti ọ̀nà tí a ń gbà mú un dán padà. Kí òǹkàwé di ọ̀rọ̀ kan mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: dídán tí ọkọ̀ àgbà ń wá kò sí nínú agolo ẹnikẹ́ni. Abẹ́ awọ òkú tí ó bò ó ni ó wà; ṣùgbọ́n kò pọ̀, bí a bá sì ná an tán, kò sí ibi tí a ti lè rí i rà padà.

Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ń gbé etí omi ni ó ti ṣe wàhálà lórí ara ọkọ̀. Igi a máa mu omi, a máa rà, kòkòrò inú òkun a sì máa lu ú ní ihò. Nítorí èyí ni àwọn akànkọ̀ àtijọ́ ṣe ń fi òwú àti ọ̀dà dí àlàfo pákó ọkọ̀, tí wọ́n ń fà á gun orí ilẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, tí wọ́n ń ha ìdí rẹ̀, tí wọ́n sì ń kùn ún lọ́tun. Ní ọdún 1761, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà pẹlẹbẹ bo ìdí ọkọ̀ ogun wọn kan tí ń jẹ́ Alarm, láti dán an wò bóyá kòkòrò yóò jìnnà sí i. Nígbà tí ó fi máa tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ogun wọn ni ó ti wọ ẹ̀wù bàbà. A rí i nínú èyí pé kò sí ọkọ̀ tí kì í wọ ẹ̀wù, kò sì sí ẹ̀wù tí kì í fẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀rúndún ogún ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rò pé àwọn ti rí ẹ̀wù tí kò fẹ́ ìtọ́jú kankan.

Òwú gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun titun. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ mọ bí a ti ń fa gíláàsì yíyọ́ bí òwú, wọ́n sì ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara ìgò wọn. Ní ọdún 1893, níbi ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Edward Libbey, oníṣòwò gíláàsì, pàtẹ aṣọ obìnrin kan tí a fi òwú gíláàsì àti sẹ́dà hun. Àwọn ènìyàn wò ó, ẹnu sì yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun ìwòran ni, kì í ṣe ohun ìlò. Òwú náà ṣòro láti fà, kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ti lè ṣe é ní ọ̀pọ̀.

Àṣìṣe kan ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ní ọdún 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dale Kleist, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Owens-Illinois ní ìpínlẹ̀ Ohio, ń gbìyànjú láti fi gíláàsì yíyọ́ lẹ búlọ́ọ̀kù gíláàsì méjì pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí a fi agbára fẹ́ kọlu gíláàsì yíyọ́ náà, ó sì fẹ́ ẹ di òwú kíkúnná rẹpẹtẹ. Ẹlòmíràn ì bá gbá a dànù gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá iṣẹ́ ìwádìí ibẹ̀, Games Slayter, rí i pé ohun tí àwọn ti ń wá ni èyí. Ní ọdún 1938, ilé-iṣẹ́ wọn àti ilé-iṣẹ́ Corning pa ọwọ́ pọ̀ dá ẹgbẹ́ titun sílẹ̀, Owens-Corning, nítorí òwú yìí nìkan. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún ni láti dí ògiri ilé kí ooru àti òtútù má baà ráyè kọjá, àti láti fi sẹ́ afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n òwú nìkan kì í di ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí koríko nìkan kì í ti í di ògiri. Ẹni tí ó bá ń po amọ̀ mọ́ koríko mọ̀ pé amọ̀ ni ó ń di koríko mú, koríko ni kò sì jẹ́ kí amọ̀ sán. Ohun tí yóò ṣe iṣẹ́ amọ̀ fún òwú gíláàsì dé ní àwọn ọdún 1930 kan náà, nígbà tí Carleton Ellis, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, ṣe àwárí nípa oje àtọwọ́dá tí à ń pè ní pọ́líẹ́sítà. Oje yìí a máa ṣàn bí oyin. Bí a bá kán ohun amúdì díẹ̀ sí i, a máa gbóná, a máa dì, a sì máa le. Bí ó bá sì ti le, kò tún ní yọ́ mọ́ títí láé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi òwú gíláàsì àti oje ṣe ìdérí fún ẹ̀rọ rédà lára ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ìgbì rédà a máa gbà á kọjá. Ní ọdún 1942, ní ìlú Toledo ní Ohio, akànkọ̀ kan tí ń jẹ́ Ray Greene fi ohun méjèèjì yìí ṣe ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan. Láti ọ̀dọ̀ irú àwọn ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ni ìran ọkọ̀ onígíláàsì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ṣe ọkọ̀ yìí kò lè mọ bí a ti ń wò ó sàn. Akànkọ̀ onígi a máa bẹ̀rẹ̀ láti egungun ọkọ̀, a sì máa parí sí awọ rẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ onígíláàsì, awọ ni ó ń kọ́kọ́ ṣe. Ó ní móòdù kan, tí inú rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò ti rí, bí inú pódi ẹ̀pà ti rí bí ẹ̀yìn ọmọ ẹ̀pà. A óò ra inú móòdù yìí títí yóò fi máa dán bí dígí. A óò sì fi ìda pa á kí ohun tí a bá dà sí i má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni a óò fọ́n oje tí a ti po àwọ̀ mọ́ sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Èyí ni awọ òde, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gelcoat. Nígbà tí ó bá dì díẹ̀, a óò tẹ́ ẹní òwú gíláàsì lé e, a óò rin ín pẹ̀lú oje, a óò fi ohun ìyí yí i lọ yí i bọ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. A óò tún tẹ́ òmíràn lé e, bẹ́ẹ̀ ni a óò sì máa ṣe títí ara ọkọ̀ yóò fi nípọn tó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá le tán, a óò yọ ọkọ̀ kúrò nínú móòdù, yóò sì jáde wá tòun ti dídán rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ kíyè sí i: kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ mú ara ọkọ̀ náà dán. Inú móòdù ni ó dán, ọkọ̀ sì jogún rẹ̀. Awọ òde tí ó jogún dídán yìí kò nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ sí nǹkan bíi mìlímítà kan dín díẹ̀. Bí a bá ka ewé ìwé márùn-ún sí mẹ́jọ nínú ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ nǹkan, tí a sì fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n pọ̀, bí wọ́n ti nípọn tó ni awọ náà nípọn tó. Lábẹ́ rẹ̀, oje àti òwú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì lẹ́wà, ni ó kù. Ewé ìwé mélòó kan yìí ni gbogbo ogún tí ọkọ̀ ní fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ kíákíá. Ní ọdún 1956, ọkọ̀ ìgbòkun tí a pè ní Bounty II, èyí tí Philip Rhodes yàwòrán rẹ̀, jáde ní Sausalito ní California. Gígùn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ, ó sì fi hàn pé ọkọ̀ onígíláàsì lè tóbi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1959, àwọn ìbátan méjì nínú ẹbí kan náà, Clinton àti Everett Pearson ti ìlú Bristol ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, gbé ọkọ̀ Triton wá sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní New York. Carl Alberg, ẹni tí a bí ní Sweden, ni ó yàwòrán rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 28, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ jù fún ẹni tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ńlá. Kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe é dúró ní àárín àwọn ọdún 1960 lọ sí ìparí rẹ̀, iye tí wọ́n ti ṣe ju 700 lọ. Báyìí ni ọkọ̀ ìgbòkun ṣe kúrò ní ohun tí olówó nìkan ń ní, tí olùkọ́ àti akọ̀wé sì lè ní tiwọn.

Ohun tí ó tún mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni ìlérí kan. Wọ́n ní kò ní rà, òtítọ́ ni. Wọ́n ní kòkòrò kò ní jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni èyí náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùrà fi èyí kún un pé kò ní béèrè iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Níhìn-ín ni wọ́n ti ṣìnà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni oòrùn ti wọ ara àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Kò tíì pẹ́ lọ títí tí funfun fi di eérú, tí àwọ̀ búlúù fi di bí aṣọ tí a ti fọ̀ jù, tí pupa sì ṣá di àwọ̀ osùn àtijọ́.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìtànṣán kan wà tí ojú wa kò rí, ṣùgbọ́n tí ó lágbára láti já okùn tí ó so oje pọ̀. Bí ó ti ń já wọn, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ òní-ọ́síjìn ń wọlé sí ojú ibi tí ó já. Oje òkè ibẹ̀ a máa jẹ dànù, ìyẹ̀fun àwọ̀ tí oje náà ti dì mú tẹ́lẹ̀ a sì máa kù sílẹ̀ láìní olùdìmú. Òun ni ẹfun tí ń ra ọwọ́ wa. Ojú tí ó tẹ́jú bí omi òwúrọ̀ a wá di oníhò wẹ́wẹ́, iyọ̀ òkun àti èéfín a sì máa sá sínú àwọn ihò náà. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ kan wà nínú èyí: òkè nìkan ni ó kú. Nísàlẹ̀ òkú náà, awọ ṣì wà láàyè, ó ní àwọ̀, ó sì le gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí a dà á.

Ẹnikẹ́ni lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí èyí. Kí ó da omi sí ìhà ọkọ̀ tí ó ti ṣá. Lójú kan náà, àwọ̀ àtijọ́ yóò padà, ara ọkọ̀ yóò sì dán; nítorí omi ti kún inú àwọn ihò wẹ́wẹ́, ó sì ti mú ojú náà tẹ́jú. Nígbà tí omi bá gbẹ, ó tún di bí ó ti wà. Nínú èyí ni ìdẹwò gbogbo àwọn tí ń wá ọ̀nà àbùjá wà. Àwọn kan a máa fi epo pa ara ọkọ̀. Àwọn mìíràn a máa ra ohun tí a fi ń mú ilẹ̀ ilé dán, wọn a sì kùn ún ní ìpele-ìpele. Ohun tí omi ṣe ni ìwọ̀nyí náà ń ṣe, àfi pé wọ́n pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ. Ẹni tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ lọ́la lè yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn a máa pọ́n bí òróró, wọn a sì máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja, iṣẹ́ a sì di méjì: ìpẹ́ náà ni a óò kọ́kọ́ bó kí a tó dé ìdí àrùn.

Iṣẹ́ òtítọ́ ni kí a bó òkú kúrò, kí a sì mú ohun tí ó wà láàyè tẹ́jú. Báyìí ni a ń ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, a óò fa ọkọ̀ gun orí ilẹ̀, níbi tí òjìji wà, a óò sì fi ọṣẹ àti omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a óò fi ohun ayọ̀ra nu ìda àtijọ́ kúrò. Nítorí bí ìda bá kù, a óò máa tì í kiri lórí awọ ni, a kò ní dé awọ. Nígbà náà ni a óò wá ibì kan tí ó fara sin, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, a óò sì fi ìpara tí ó rọ̀ jùlọ dán an wò. Bí dídán bá jáde, a kò gbọ́dọ̀ lo ohun tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun sì ni àwọn aláìnísùúrù ń kọ́kọ́ rú.

Bí ìpara nìkan kò bá tó, a óò mú sáńpépà tí a ń lò pẹ̀lú omi. Nọ́ńbà ni a fi ń mọ̀ wọ́n: bí nọ́ńbà bá ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni wóró tí ó wà lára rẹ̀ ń kéré sí i. Ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ púpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti 600 tàbí 800. A óò lọ sí 1000, a óò lọ sí 1500, a sì lè dé 2000. Kò sí èyí tí a lè fò. Wóró 800 a máa bó òkú kúrò, ṣùgbọ́n a máa fi ilà tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ 1000 ni láti pa ilà 800 rẹ́, iṣẹ́ 1500 sì ni láti pa ti 1000 rẹ́. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ ṣe ń yí ọ̀nà padà: bí èkínní bá lọ láti iwájú ọkọ̀ sí ẹ̀yìn, èkejì yóò gbà á ní ìbú, kí ilà tí ó bá kù lè fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá fo ọ̀kan yóò rí ilà náà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí oòrùn bá ràn sí ìhà ọkọ̀; yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, yóò sì tún ná nínú ewé ìwé mélòó kan tí ó ní. Omi tí a ń lò níhìn-ín ní iṣẹ́ méjì: a máa wẹ èérí wóró kúrò, kò sì jẹ́ kí eruku oje gbéra wọ ẹ̀dọ̀fóró. Síbẹ̀ ó yẹ kí òṣìṣẹ́ bo imú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi ẹlẹ́fun náà ṣàn lọ sínú odò tí ẹja ń gbé.

Lẹ́yìn sáńpépà ni ìpara oníwóró kíkúnná kàn, tí a ń fi ẹ̀rọ olóyípo onírun àgùntàn rà. Ibi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì ní gígùn àti méjì ní ìbú lọ ni a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ìpara má baà gbẹ. Ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan, kò sì gbọ́dọ̀ sáré jù, nítorí ooru rẹ̀ a máa jó awọ. Ní etí àti ní igun ọkọ̀ ni ìṣọ́ra ti pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni awọ sábà máa ń fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí òwú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ ní etí, lẹ́yìn tí oòrùn ogún ọdún kò tíì rí i. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lẹ́yìn ìpara yìí, a óò fi òmíràn tí ó tún kúnná jù ú lọ rà á, nígbà náà ni omi òwúrọ̀ yóò sì padà tòrò.

Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ni ìda. Ìda kì í ṣe ohun tí ó ń mú ọkọ̀ dán, bí ọ̀pọ̀ ti rò. Ohun tí ó ń ṣọ́ dídán ni. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ìda tí a rí lára igi ni carnauba, tí ó ti ara igi ọ̀pẹ kan wá ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Bùràsíìlì, ní Ceará, ní Piauí àti ní Rio Grande do Norte. Orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí láti ibẹ̀ ni àwọn Àgùdà ti padà wá sí Èkó. Ọ̀pẹ yìí ń gbé ibi tí ọ̀dá ti ń mú, ó sì ń sun ìda sí ojú ewé rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Àwọn ènìyàn a máa gé ewé náà láìpa igi, wọn a sá a, wọn a sì lù ú kí ìyẹ̀fun ìda lè gbọ̀n kúrò. Ìda yìí le, kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi ju 80 lọ nínú ìwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì. Ohun tí ó ń ṣọ́ ewé lọ́wọ́ oòrùn ni ènìyàn mú wá ṣọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ oòrùn kan náà. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ a máa jẹ tán. Nítorí náà ó yẹ kí a tún un pa lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tí oòrùn bá ti mú.

Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Bí awọ ọkọ̀ bá jẹ́ ìdajì mìlímítà, tí ẹnì kan sì jẹ́ kí ó ṣá pátápátá tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi bó ìdámẹ́wàá mìlímítà kúrò nígbà kọ̀ọ̀kan, ìgbà mélòó ni ó lè ṣe é? Wọn yóò dáhùn pé ìgbà márùn-ún. Olùkọ́ yóò sì sọ fún wọn pé ìgbà mẹ́rin ni, nítorí ní ìgbà karùn-ún kò ní sí awọ mọ́. Nígbà tí awọ bá tán, ọ̀dà nìkan ni ó kù láti kùn, irú ọ̀dà líle alágolo méjì tí a ń pò pọ̀. A máa dán dáradára, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, èéfín rẹ̀ léwu fún ẹni tí ń fọ́n ọn bí kò bá bo imú rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sì fẹ́lẹ́ ju awọ tí ọkọ̀ bá wá sáyé lọ. Ẹni tí ó ń fi omi fọ iyọ̀ kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀, tí ó ń pa á ní ìda, tí ó sì ń fi aṣọ bò ó nígbà tí kò bá lò ó, lè má mú sáńpépà lọ́wọ́ láéláé.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, kí ni ó kàn wá bí ọkọ̀ bá ṣá? Kí ó rì kọ́. Òtítọ́ ni pé ọkọ̀ tí ó ti ṣá kì í rì nítorí pé ó ṣá. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ẹjọ́. Ọkọ̀ tí ó bá ti rí bí òkú, ẹni tí ó ni ín a máa rò pé ó ti kú. A kò ní wo inú rẹ̀ mọ́, a óò fi í sílẹ̀ sí etí omi. Níbẹ̀ ni ìlérí àtijọ́ ti yí padà di gbèsè. Ọkọ̀ igi tí a bá pa tì a máa rà padà sí ilẹ̀. Ọkọ̀ irin a máa dípẹtà, alágbẹ̀dẹ sì lè yọ́ ọ. Ọkọ̀ onígíláàsì kì í rà, oje rẹ̀ kì í sì í yọ́. Ohun kan náà tí a fi yìn ín ní ọdún 1959 ni ó sọ ọ́ di ẹrù wíwúwo nígbà tí kò bá ní olùtọ́jú mọ́. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ náà di ti ìlú débi pé láti ọdún 2019 ni wọ́n ti gbé ètò kan kalẹ̀ láti máa gba àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ àgbà, kí wọ́n sì tú wọn palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń kó èrò lórí ọ̀sà Èkó lónìí pẹ̀lú, onígíláàsì ni wọ́n. Oòrùn tiwa kò sì rọ̀ ju ti Rhode Island lọ.

Síbẹ̀, nínú àwọn Triton tí a ṣe ní ọdún 1959 àti àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn kan ṣì ń rìn lórí omi. Àwọn tí ó ṣe wọ́n kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé ohun titun náà pátápátá, nítorí náà wọ́n jẹ́ kí ara wọn nípọn. Ara náà sì ti pẹ́ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dà á lọ. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí a jù sí etí omi kì í ṣe oje, kì í sì í ṣe gíláàsì, nítorí móòdù kan náà ni ó bí wọn. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n bọ́ sí ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá tún gbé awo omi kalẹ̀ níwájú àwọn ọmọ láti kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ẹ sọ ìtàn yìí fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka ru omi náà, kí wọ́n sì dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi tòrò. Omi a máa tòrò fúnra rẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀. Ara ọkọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá jogún ohun dídán, kí ó máa nù ún lójoojúmọ́ nígbà tí aṣọ rírọ̀ ṣì tó. Nítorí ọjọ́ tí ó bá di ti sáńpépà, ara ogún náà ni yóò máa fá.